Alẹ́ méjì nínú ẹgàn Tambopata: ṣé ó tó, ṣé màmá ẹni ọdún 68 sì lè lọ?

ÌBÉÈRÈ

Manchester ni mò ń gbé. Èmi àti màmá mi, ẹni ọdún 68, ń lọ sí Peru nínú oṣù kẹjọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa ṣètò ìrìn-àjò náà ti fi pákéèjì kan kún un: ọjọ́ mẹ́ta, alẹ́ méjì, ní lọ́ọ̀jì kan nínú igbó létí odò Tambopata. Oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi àti amọ̀nà wà nínú owó náà. Bọ̀dá mi ní ìná-àpà ni. Wọ́n ní inú igbó ni bàbá wa ti lo gbogbo ayé wọn kí wọ́n tó lè rán wa níléèwé, kí ni a wá fẹ́ sanwó lọ wò níbẹ̀? Ṣé alẹ́ méjì tó? Ṣé orúnkún Màmá á gbà á? Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

* * *

Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́dún 2018 pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan, àti lọ́dún 2023 pẹ̀lú àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tí wọ́n ti pé ọdún 66 nígbà náà. Nítorí náà mo lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì.

Alẹ́ méjì kò tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti Cusco, ìlú orí òkè, ọkọ̀ òfuurufú kò lò tó wákàtí kan kó tó balẹ̀ sí Puerto Maldonado, ìlú tó sún mọ́ igbó náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé yín lọ sí ọ́fíìsì wọn nínú ìlú, ẹ ó tú ẹrù, ẹ ó fi àpótí ńlá sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó kó ìwọ̀nba aṣọ sínú báàgì kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀sì lórí ọ̀nà eléruku títí dé èbúté Infierno. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ojú omi gígùn onẹ́ńjìnnì. Nígbà tí a fi máa rí yàrá wa, oòrùn ti ń wọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ẹ̀wẹ̀, ìdájí ni wọ́n máa jí yín kí ẹ lè bá ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ kan péré ni ẹ rà.

Ọjọ́ kan yẹn ni gbogbo nǹkan á sì dúró lé. Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Tambopata ni collpa, ọ̀rọ̀ àwọn Quechua fún ilẹ̀ oníyọ̀. Ògiri amọ̀ ni, létí odò. Ní kùtùkùtù, àwọn ayékòótọ́ ńlá onírù gígùn, pupa, aláwọ̀ ewé, aláró àti ìyeyè, máa ń wá rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á máa bu amọ̀ jẹ. Àlàyé tí àwọn tó ń ṣèwádìí fi ń síwájú báyìí ni pé iyọ̀ ni wọ́n ń wá, torí èso àti hóró igbó tó jìnnà sí òkun bẹ́ẹ̀ kò ní in tó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ láàárọ̀, wọn kì í wá. Bí àṣá bá kọjá lókè, wọ́n á fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Alẹ́ méjì, òwúrọ̀ kan. Alẹ́ mẹ́ta, òwúrọ̀ méjì. Òwúrọ̀ kejì yẹn ni mo ní kí ẹ sanwó rẹ̀.

Ní 2018, alẹ́ méjì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi lò. Òjò ni a rí.

* * *

Mo ti ka àwọn èsì tó wọlé. Ohun tí púpọ̀ nínú yín ń sọ ni pé ìrẹ́jẹ ni pákéèjì, pé kí ẹni tó béèrè wọkọ̀ lọ sí Puerto Maldonado fúnra rẹ̀, kó bá ọlọ́kọ̀ dúnàá-dúrà ní èbúté. Ẹnì kan ní ìdajì owó yẹn lòun san. Mo gbà á gbọ́. Bí mo bá jẹ́ ọmọ ọdún 26, tí mo gbọ́ èdè Sípáníìṣì, tí n kò sì lọ́jọ́ ìpadà, bẹ́ẹ̀ lèmi náà máa ṣe. Adágún Sandoval kò jìnnà sí ìlú, èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọdún 68 ló ń lọ. Bí ọlọ́kọ̀ èbúté bá ní ẹ́ńjìnnì òun kò gbiná láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ta ni wọ́n máa pè? Tambopata sì kì í ṣe igbó tí kò ní ẹni tó ni ín. Igbó ọba ni, ìjọba Peru yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 2000, ó lé ní 270,000 hẹ́kítà, Bahuaja-Sonene, igbó ìjọba mìíràn tó bá a pààlà, sì tóbi jù ú lọ fíìfíì. SERNANP, àjọ tó ń ṣọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ló ń gba owó ìwọlé, ọkọ̀ ojú omi sì gbọ́dọ̀ yà sí ibùdó wọn kí wọ́n kọ orúkọ èrò sílẹ̀. Amọ̀nà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti parí gbogbo èyí kí ẹ tó jókòó.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé pákéèjì máa ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ bi wọ́n: ṣé owó ìwọlé igbó ọba wà nínú rẹ̀? Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wà nínú rẹ̀? Omi mímu ńkọ́, yàtọ̀ sí ti ìdí tábìlì? Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá yàrá lò, èló ni wọ́n máa fi kún un? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́.

* * *

Sí bọ̀dá yín.

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oko kòkó ní ẹ̀bá Ilé-Olújì ni wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà. Mo mọ ohun tí àdá ń ṣe sí àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n igbó tí bàbá wa mọ̀, igbó tí wọ́n ti ṣán ni. Ẹgàn gidi, tí igi inú rẹ̀ ti wà kí bàbá bàbá wa tó dáyé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wa kò rí i rí, orúkọ rẹ̀ nìkan la gbọ́.

Ní 2023, amọ̀nà wa dúró lábẹ́ igi kan tí kò ga púpọ̀, èso rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ìtì. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Àǹtí mi ní kó dúró. "Kòkó nìyẹn." Kòkó ni lóòótọ́. Apá òkè Amazon ni ilé rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e kiri ayé títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àǹtí mi fi ẹ̀ṣẹ́ lu èso tí amọ̀nà já fún wọn, wọ́n tẹ́tí gbọ́ ọ, wọ́n ní ó kù díẹ̀ kó pọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n là á, wọ́n fi hóró kan sẹ́nu, wọ́n ń lá omi ara rẹ̀ bí a ti ń ṣe lọ́mọdé. Wọ́n ní, "Èyí ló rán gbogbo yín níléèwé." Omi bọ́ lójú èmi.

Ẹ̀gẹ́ náà, apá Gúúsù Amẹ́ríkà yẹn ló ti wá, àwọn Pọtogí ló gbé e wá sí Áfíríkà. Nítorí náà, kì í ṣe igbó ẹlòmíì pátápátá ni màmá yín ń lọ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ká mi lára jùlọ. Gbogbo ènìyàn ń jà lórí lọ́ọ̀jì: èwo ló ní omi gbígbóná, èwo ló ní íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ló ní odò ìwẹ̀. Amọ̀nà ni ẹ ń sanwó fún. Ibùsùn lásán ni ìyókù.

Nínú ẹgàn, ojú tí kò mọ̀ ọ́n kò rí nǹkan kan. Ewé ni, òkùnkùn ni, ariwo kòkòrò ni. Ní 2018, àwa méjìlá la wà lẹ́yìn amọ̀nà kan. Àwọn tó wà níwájú rí ọ̀bọ, èmi tí mo wà lẹ́yìn rí àpò ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú amọ̀nà náà lọ fún àwọn àlejò mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n fi ọmọkùnrin tó ń bá wọn wa ọkọ̀ ojú omi rọ́pò rẹ̀ fún wa. Ọmọ náà mọ odò, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwa náà kò gbọ́ Sípáníìṣì. A kàn ń rìn ni. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, wọ́n ní ìwé tí mo fọwọ́ sí kò sọ iye ènìyàn tí amọ̀nà kan máa mú, kò sì sọ pé kò ní yí padà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìwé náà kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè kí n tó sanwó.

Ní 2023, àwa márùn-ún ni. Amọ̀nà wa jẹ́ ọmọ Ese Eja, àwọn onílẹ̀ etídò yẹn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n pín oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n fi ewé dì fún wa. Juane lorúkọ rẹ̀: ìrẹsì, adìẹ, ẹyin àti ólífì, wọ́n sè é mọ́ inú ewé. Àǹtí mi kò tú tiwọn. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ewé eéran nìyí. Amọ̀nà ní bijao ni. Mo lọ wádìí rẹ̀ nígbà tí mo délé: ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko to ewé méjèèjì sí. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà mú wọn lọ síbi tó ti ń hù, ó ní kí wọ́n fi bí a ṣe ń dì í han òun. Wọ́n ká ewé méjì lé ara wọn bí ẹni fẹ́ rọ mọ́ínmọ́ín, wọ́n ní kó bu omi odò sí i. Kò jò. Ọkùnrin náà gbé e dání títí a fi padà dé lọ́ọ̀jì.

Mélòó ni amọ̀nà kan máa mú? Mẹ́fà ni òpin tèmi. Ṣé òun náà ni yóò wà pẹ̀lú wa látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tí ó fi lè bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́? Ṣé ọmọ àgbègbè ibẹ̀ ni? Bí lọ́ọ̀jì bá fèsì sí ìwọ̀nyí láìkólòlò, ẹ san owó fún wọn, bí omi wọn tilẹ̀ tutù.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n á rí jaguar, ẹranko tó dà bí ẹkùn. Ẹ má fi sọ́kàn. Àwọn kan ń rí i létí odò, èmi kò rí i nígbà méjèèjì. Ohun tí mo rí ni ronsoco, tí ayé ń pè ní capybara, tó dà bí ọ̀yà tó tóbi ju ewúrẹ́ lọ. Àwọn ọ̀nì kéékèèké tí ojú wọn ń pọ́n nínú iná tọ́ọ̀ṣì. Àti lobo de río, "ìkookò odò", ẹranko tó ń jẹ ẹja, márùn-ún nínú wọn lórí adágún Tres Chimbadas, tí wọ́n ń kígbe mọ́ra wọn. Mo tún rí èèrà tó ń gé ewé, ìlà gígùn, oníkálukú pẹ̀lú ewé tirẹ̀ lórí. Bí lọ́ọ̀jì kan bá ní àwọn ń so ọ̀bọ tàbí ejò mọ́lẹ̀ kí àlejò lè yàwòrán, ẹ má lọ síbẹ̀.

* * *

Nísinsìnyí, orúnkún Màmá. Ìbéèrè gidi rèé, ọ̀pọ̀ èsì sì fò ó kọjá.

Ìrìn inú igbó fúnra rẹ̀ kì í ṣòro, ilẹ̀ tẹ́jú, wọ́n á sì yá yín ní bàtà òjò. Kí ẹ fi nọ́ńbà ẹsẹ̀ Màmá ránṣẹ́ ṣáájú. Àtẹ̀gùn etídò ló le. Oṣù kẹjọ jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, odò á ti fà, èbúté á sì ga. Ẹ bi wọ́n ní iye àtẹ̀gùn, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ó ní ohun ìdìmú. Ẹ béèrè yàrá tó sún mọ́ ilé oúnjẹ. Ilé ìṣọ́ gíga tó yọ lórí igi, Màmá lè jókòó sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gùn ún. Àǹtí mi kò gùn ún, kò sì dùn wọ́n. Kí wọ́n mú ọ̀pá dání, torí èèyàn kì í fọwọ́ di igi mú nínú ẹgàn láìkọ́kọ́ wò ó. Èèrà dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní isula, bí ó bá ta èèyàn, ìrora rẹ̀ lè gba odidi ọjọ́ kan.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Bí Màmá bá ti gbà á rí ní Nàìjíríà, tí yẹ́lò káàdì wọn wà lọ́wọ́, ó ti tó. Láti 2016 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ ọ́ di ti gbogbo ayé ẹni dípò ọdún mẹ́wàá. Bí wọn kò bá gbà á rí, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí, torí ewu abẹ́rẹ́ náà pọ̀ díẹ̀ sí i fún ẹni tó ti lé ní 60 tó ń gbà á nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá máa gbà á, kó gbà á ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ oògùn ibà lọ́wọ́ dókítà kan náà. Mo rí ẹni tó kọ ọ́ lókè pé ọmọ Nàìjíríà ni wá, ibà ò lè mú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ìyẹn. Ẹni tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó, agbára tí ara rẹ̀ ní sí ibà ti lọ sílẹ̀.

Ohun kan tí kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín: ọ̀pọ̀ yàrá níbẹ̀ kò ní ògiri kẹrin. Igbó ni ògiri náà. Àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn, òun ni ẹ ó wọ abẹ́ rẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, àǹtí mi kò sùn. Nígbà tó sún mọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn ọ̀bọ pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, ó dà bíi pé ìjì ń bọ̀, àǹtí mi sì dìde gbàdúrà títí ilẹ̀ fi mọ́. Lálẹ́ kejì, wọ́n sùn fọnfọn. Ẹ sọ fún Màmá ṣáájú, ẹ má jẹ́ kó bá wọn lójijì. Kí wọ́n má sì kó ìpanu bíi ṣin-ṣin sínú yàrá. A fi tiwa sínú báàgì, eku igbó jẹ báàgì náà lu.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó. Èrò tó pọ̀ níbí ni pé àpò òyìnbó ni gbogbo owó náà ń lọ. Kì í ṣe ibi gbogbo. Lọ́dún 1996, àwọn ará Infierno, níbi tí àwọn Ese Eja ń gbé, bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe àdéhùn ogún ọdún lórí lọ́ọ̀jì Posada Amazonas: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún èrè fún ìlú, ìdá 40 fún ilé-iṣẹ́. Ilẹ̀ wọn ni, àwọn náà sì ń kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà ẹ máa béèrè pé ta ló ni ilẹ̀ tí lọ́ọ̀jì wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá ń lọ sílẹ̀, kí Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ní apá ibi kan, ẹ lè rí ilẹ̀ tó pá, tó kún fún kòtò omi oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù ló gbẹ́ wọn. La Pampa lorúkọ ibi tó burú jùlọ. Mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n fi ń kó góòlù náà jọ, ó ń ṣàn wọ odò, ó ń wọ ara ẹja, àwọn tó ń jẹ ẹja náà sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2019 ìjọba kó ọlọ́pàá àti ṣọ́jà lọ lé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ṣí lọ síbòmíì ni. Ẹni tó ti rí bí odò Ọ̀ṣun ṣe pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Amọ̀nà wa sọ fún wa pé àwọn ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ kàwé wà nínú kòtò yẹn, pé lọ́ọ̀jì ló mú òun kúrò níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ká má fún amọ̀nà lówó ọpẹ́ torí pé pákéèjì ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó oṣù wọn kì í ga, ìgbà òjò sì máa ń mú kí iṣẹ́ dín. Èmi fún tiwa ní dọ́là mẹ́wàá lójúmọ́ lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan, mo fún ọlọ́kọ̀ àti àwọn alásè ní tiwọn lọ́tọ̀, lọ́wọ́ sí ọwọ́. Ẹni tí kò bá ní tó bẹ́ẹ̀, kó fún wọn ní ohun tó ní.

* * *

Kékeré kan lórí aṣọ: ẹ mú súwẹ́tà. Mo mọ̀ pé kò bá etí mu. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, atẹ́gùn tútù kan máa ń fẹ́ wá láti gúúsù, friaje ni wọ́n ń pè é. Ó dà bí ọyẹ́, àmọ́ ó máa ń mú òjò dání, ó sì lè bá yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Nínú yàrá tí kò ní ògiri kẹrin, àgbàlagbà á mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ sì kọ́kọ́ lọ sí igbó kí ẹ tó gòkè lọ sí Cusco, bí ètò yín bá gbà á. Cusco ga tó 3,400 mítà, ó máa ń fún àgbàlagbà láyà. Ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ ń jáde nínú igbó ṣe ọjọ́ tí ẹ ń wọkọ̀ padà sí Manchester, torí kùrukùru àti òjò máa ń dá ọkọ̀ òfuurufú dúró ní Puerto Maldonado.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun pe ilé-iṣẹ́ náà: alẹ́ kẹta ṣeé fi kún un, Màmá ti gbà abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú rí ní Ìbàdàn, káàdì wà. Àmọ́ lọ́ọ̀jì ní amọ̀nà kan lè mú tó ènìyàn mẹ́wàá, àwọn kò sì lè ṣèlérí pé òun kan náà ni yóò wà pẹ̀lú wọn. Lọ́ọ̀jì kejì, tó kéré sí i, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 40, tó ní ohun ìdìmú, ní ènìyàn mẹ́fà ni òpin tiwọn, amọ̀nà kan ṣoṣo títí dópin, ṣùgbọ́n kò ní omi gbígbóná, iná sì máa ń kú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Àbúrò mi, èkejì ni kí ẹ mú. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ orí fún Màmá, kí ẹ fi bátìrì kún un. Ẹ ní kí wọ́n máa gbé omi gbígbóná kan kẹ́tùlù wá láti ilé ìdáná fún wọn ní àárọ̀. Wọ́n ṣe é fún àǹtí mi, wọn kò gba kọ́bọ̀. Kí ẹ sì bá mi béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà bóyá ewé bijao ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn.